Igi Tí Ọ̀gá Kwan Ń Gbẹ́ Lábẹ́ Afárá Rélùwéè

Ẹ wọlé, ẹ jókòó síbi tó bá wù yín. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kì í kánjú mọ́. Ibi tó ń lọ kò jìnnà, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du ún. Rukayat, ọmọ ọmọ mi, ló fa ìjókòó yìí. Lánàá ló gbé àpótí kékeré kan wálé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Grandpa, ẹ wò ó, it's hand-carved, Chinese style." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ra á lójú. Òdòdó mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bá ara wọn mu bí ìgbà tí èèyàn fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ẹ̀rọ ló gbẹ́ ẹ. Kò sí ọwọ́ ọmọ èèyàn kankan níbẹ̀. N kò bá a wí, ohun tí èèyàn kò rí rí kò lè mọ̀ pé ó ti sọnù. Mo kàn ní kó pe ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá lẹ́yìn ìrun Alaásárì, kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi ní Peckham ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí nígbà kan, ní ibi tí ẹ ti ń mu kọfí báyìí.

Ẹ mọ abẹ́ afárá rélùwéè tó wà lẹ́yìn Rye Lane, ibi tí wọ́n ti ń ya ewé sórí kọfí. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, ilẹ̀kùn igi ńlá kan ló wà lójú ibẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Ìró kan máa ń ti inú rẹ̀ jáde: kó, kó, kó-kó. Á dákẹ́ díẹ̀. Kó. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè, gbogbo ilé á gbọ̀n rìrì, ìró náà á dúró, á jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mò ń gbá nígbà náà, láàárọ̀ kùtù. Tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo máa ń dúró síwájú ilẹ̀kùn yẹn bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ìró yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Òòlù igi lórí irin ìgbẹ́gi ni. Ìró ilé wa ní Ìsẹ́yìn ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá bàbá mi. Òun ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún àwọn èèyàn ńláńlá. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ agbo ilé wa, ó ní òun kò ní gbẹ́ ohun tó lójú mọ́, ó sì di irin rẹ̀ sínú aṣọ. Tábìlì àti àga ni bàbá mi ń kàn, òun náà ni mo kọ́. Torí náà ọwọ́ mi mọ igi, ṣùgbọ́n kò mọ àwòrán.

Lọ́jọ́ kan mo ti ilẹ̀kùn yẹn, mo wọlé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níbẹ̀, ará Ṣáínà láti Hong Kong, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn, èérún igi kún irun rẹ̀. Mo ní káfíńtà ni mí. Ó mú irin ìgbẹ́gi kan tó ti kú lẹ́nu, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sórí páálí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. Ọkọ̀ ojú irin bíi mẹ́wàá ti kọjá kí n tó dìde. Ó fi irin náà fá irun apá ara rẹ̀, irun bọ́ sílẹ̀ fẹ́ẹ́. Ó ní, "Wá lọ́la." Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kwan nìyẹn, mo sì lo ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni òórùn ibẹ̀. Igi tí wọ́n ti ń fa kàfúrà jáde ni Ọ̀gá Kwan fẹ́ràn jù. Kàfúrà, tí àwọn ìyá wa máa ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, àwọn èèyàn á máa ṣí imú kiri. Màmá yín àgbà, kí Ọlọ́run ó kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé òun mọ̀ pé mo ti dé kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ tí Ọ̀gá Kwan ń ṣe pọ̀. Àwọn ará Ṣáínà tó ní ilé oúnjẹ, àti àwọn tó kó ẹrù ìyá wọn wá sílùú yìí, ló ń gbé nǹkan wá: àpótí aṣọ, àga, orí bẹ́ẹ̀dì, àti ògiri onígi tí wọ́n fi ń pín yàrá sí méjì. Ó ń tún ti àtijọ́ ṣe, ó sì ń gbẹ́ tuntun. Àwọn oníbàárà nígbà náà máa ń dúró. Ẹ gbọ́ mi? Oṣù mẹ́fà, wọ́n á dúró. Lónìí tí nǹkan tí ẹ rà kò bá dé lọ́la, ẹ ti ń bínú. Wọ́n á kàn yà wò ó, wọ́n á gbóòórùn igi, wọ́n á ní "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀," wọ́n á lọ.

Mo rò pé ẹwà lásán ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Àlejò lójú ńlá, kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ àdán ló la ojú mi.

Obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ní Forest Hill gbé pákó ńlá kan wá. Wọ́n gbẹ́ àdán márùn-ún yí àmì róbótó kan ká lára rẹ̀. Pákó náà ṣubú nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù, gbogbo àdán ọ̀hún já dànù. Ọ̀gá Kwan fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ rí dókítà. Ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n padà bí mo ṣe bá wọn. Ojú ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ hàn gbangba lára pákó: gbogbo wọn ló dorí kodò. Mo wò ó, mo mi orí. Àdán, ẹran tí a ní ó ń fi ẹnu jẹ, tó ń fi ẹnu yà! Ta ló ń gbé irú èyí sí pálọ̀? Mo ní ẹni tó lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe àṣìṣe ni. Mo ní tí wọn kò bá lè ṣe kí wọ́n má gbé àdán sílé, kí àwọn àdán náà kúkú jọ ẹyẹ. Mo kọ orí márààrún sókè, mo dì wọ́n mọ́ ọn gírígírí. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi.

Ọ̀gá Kwan dé. Ó wo pákó. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ta ló ní kí o lé oríire obìnrin yìí jáde nílé?" ló bi mí.

"Ọ̀gá, àdán ni. Mo tún un ṣe ni."

Ó jókòó, ó sì là á yé mi. Ó ní ní èdè àwọn, orúkọ àdán àti orúkọ oríire, ìró kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tó bá gbẹ́ àdán, oríire ló gbẹ́. Ó ní tí a bá sì fẹ́ sọ pé nǹkan dorí kodò, ìró ọ̀rọ̀ yẹn bá "ó ti dé" mu. Torí náà àdán tó dorí kodò ń sọ fún ẹni tó wọlé pé oríire ti dé. Márùn-ún sì ni oríire lọ́dọ̀ wọn: ẹ̀mí gígùn, ọrọ̀, àlàáfíà, ìwà rere, àti kí èèyàn kú ikú wọ́ọ́rọ́.

Orí mi wú. Mo kígbe pé, "Àrokò ni!"

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kò mọ àrokò. Kí ìwé tó dé, tí bàbá bàbá mi bá fẹ́ sọ fún èèyàn lókèèrè pé ọkàn òun fà sí i, owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò so ránṣẹ́, torí pé ẹfà ni, ó sì fà mọ́ ọn. Tó bá so mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ìró ló ń gbé ìtumọ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ọ̀gá Kwan ní gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu bẹ́ńṣì. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìṣó mẹ́fà ló tò sórí bẹ́ńṣì mi ní ìlà kan.

"Grandpa, so àdán ni good luck?" Rukayat ló ń bi mí yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ ni. Ẹran kan náà ni, ojú tí a fi wò ó ni kò dọ́gba.

A gbé kẹ́tù kaná, a fi ooru rẹ̀ mú gọ́ọ̀mù rọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. A ti yí mẹ́rin tán nígbà tí obìnrin yẹn já wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ó wo pákó náà, ó wo èyí tó ṣì kọrí sókè, ó ní, "Ṣé eléyìí ṣì wà nínú ọkọ̀ ni?" Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè. Mo bèèrè òdòdó kan tí wọ́n máa ń gbẹ́ sára àpótí, àfi òṣíbàtà wa tó máa ń lékè omi! Ó ní inú ẹrẹ̀ ló ti ń hù, ẹrẹ̀ kì í sì lẹ̀ mọ́ ọn. Irú èèyàn tó yẹ kí a jẹ́ nìyẹn. Èso pupa tó kún fún kóró, tí ẹ máa ń rí ní Rye Lane, orí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun ló máa ń wà, kí ilé kún fún ọmọ. Ẹja, torí ìró orúkọ rẹ̀, ń sọ pé kí nǹkan ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ ọdún tuntun wọn, Màmá Kwan, ìyàwó rẹ̀, máa ń se odindi ẹja kan, tí a bá jẹ ẹ́ dé ààbọ̀, á fi ọ̀pá ìjẹun gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀: "Jẹ́ kó ṣẹ́kù!" Èmi náà máa ń gbé ẹran Iléyá lọ fún wọn nílé wọn ní Brockley. Obìnrin yẹn máa ń fi atalẹ̀ sè é, bó ti wù kí n sọ tó pé kó fi ata sí i, kì í gbà.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dùn kó má ku ibì kan. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Ọ̀gá Kwan ń gbé orí dírágónì kan jáde sínú ọkọ̀, ẹranko àlọ́ tó ní ìwo tó ní ìrù. Àfáà Múfútáù, tó ń darí ìrun ní mọ́ṣáláṣí tí mò ń lọ, ló ń kọjá. Ó dúró. Kò pariwo, èyí ló dùn mí jù.

"Bàbá Ràfíù, ṣé iṣẹ́ ère ni ẹ wá ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù? Ohun tí bàbá yín àgbà dì sínú aṣọ, ṣé ẹ̀yin lẹ wá tú u?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sọ fún Ọ̀gá Kwan pé ó dà bíi pé mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó tẹ́ ìwé àwòrán iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, ó mú lẹ́ẹ̀dì, ó fa ìlà yí ká ewé, ó fa ìlà yí ká òkè, omi, ìkùukùu àti òdòdó. Ó ní, "Gbogbo èyí tí kò mí, tìrẹ ni. Èyí tó bá ń mí, tèmi ni." Ọ̀rọ̀ parí. Kò bi mí ní ìbéèrè kejì, kò fi mí ṣẹ̀sín, láti ọjọ́ náà kò sì gbé ohun tó lójú síwájú mi rí. Ìkùukùu tí mo gbẹ́ nígbà náà, tí ẹ bá rí i, ẹ ó fẹ́ mú agboòrùn.

Ọdún bíi mẹ́wàá kọjá lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Màmá Kwan dùbúlẹ̀. Àyà rẹ̀ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Lewisham, ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Ọ̀gá Kwan gbé pákó kàfúrà tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, pákó tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní òun fẹ́ gbẹ́ ohun tí ìyàwó òun yóò máa wò láti orí bẹ́ẹ̀dì. Igi páìnì ni, tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ nígbà òtútù, àti ẹyẹ méjì lábẹ́ rẹ̀, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó jọ agùfọn ilé wa. Ẹ̀mí gígùn ni igi náà ń sọ, ẹ̀mí gígùn ni ẹyẹ náà ń sọ. Méjì ni ẹyẹ, torí tọkọtaya ni.

Mo gbẹ́ igi páìnì náà, ewé rẹ̀ bí abẹ́rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun gbẹ́ agùfọn kìíní. Ó kan ìkejì, mo sì rí i pé ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún sínú àpò ní gbogbo ìgbà. Bí ojú bá rí, ẹnu a máa dákẹ́. Títí di ọjọ́ tí irin fi yọ̀, tó gé e ní àtàǹpàkò, tí ẹ̀jẹ̀ kán sórí pákó. Mo fi aṣọ dì í fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ọwọ́ mi bí ewé inú afẹ́fẹ́.

Ó ní, "Ó ti tó oṣù mẹ́ta." Ó fojú wo ẹyẹ kìíní. "N kò lè parí ẹyẹ kejì. Bá mi gbẹ́ ẹ."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, kò tíì bẹ̀ mí ní ohunkóhun rí. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sílé ná.

Màmá yín àgbà ń gé ẹ̀fọ́ nígbà tí mo dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìlérí tí mo ṣe fún ara mi pé n kò ní gbẹ́ ohun tó ń mí, obìnrin tó wà ní ọsibítù, ẹyẹ kejì tó kù. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá Ràfíù, ṣé ojú rẹ̀ ló fọ́ àbí ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ṣé ó ṣì mọ bí ẹyẹ ṣe rí?"

"Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ."

"Ṣé ẹyẹ ló wá ń wá lọ́dọ̀ yín ni? Ọwọ́ ló ń wá. Ẹ lọ yá a lọ́wọ́."

Mo wò ó títí. Mo ti gbé pẹ̀lú obìnrin yìí fún ogún ọdún ó lé, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Láàárọ̀ mo ní kí Ọ̀gá Kwan fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, kí ọ̀kan máa ti èkejì lẹ́yìn, kó gbé ẹnu irin sí ibi tó bá fẹ́. Èmi á máa gbá òòlù. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ máa gbẹ́ ẹ. Èmi á kàn jẹ́ òòlù." Ó ronú sí i, ó mi orí pé ó dáa.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Ẹ kò lè mọ bó ṣe ṣòro tó kí èèyàn méjì gbá nǹkan kan bí ẹnìkan. Á ní, "Fẹ́rẹ́." Mo gbá a. Á ní, "Ó pọ̀ jù!" A jà. A mu tíì. A tún bẹ̀rẹ̀. Tó fi di ọjọ́ kẹrin, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n gbá a. Tí rélùwéè bá ń kọjá, àwa méjèèjì á gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó ku ojú ẹyẹ, kò sí iṣẹ́ fún òòlù níbẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fẹ́ ọwọ́ tó dúró ṣinṣin. Mo gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mọ̀.

Ó ní, "Di ọrùn ọwọ́ mi mú. Má wò ó."

Mo di í mú, mo kọjú sí ògiri. Mo rí i lára bí gbígbọ̀n yẹn ṣe ń tì mí, tí mo ń tì í padà, títí ó fi rọlẹ̀. Nígbà tó ní kí n yíjú padà, ẹyẹ méjèèjì ti ń wo ara wọn.

Màmá Kwan ti kúrò ní ọsibítù nígbà tí a gbé pákó náà lọ sí Brockley. Kò lè sọ̀kalẹ̀ láti òkè, àwa la gbé e gòkè lọ bá a. A gbé e ti ògiri, ó sì wò ó pẹ́, ó wò ó pẹ́. Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà ni fún ogójì ọdún, ta ló fẹ́ tàn án? Ó na ìka sí ìyẹ́ ẹyẹ kejì.

"Ta ló ṣe èyí? Ọwọ́ rẹ kì í wúwo báyìí."

Ọ̀gá Kwan fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n tọ́ka sí mi. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti fi pa mọ́ fún un pẹ̀lú. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo pákó náà, gbogbo rẹ̀ sì yé e láìsí àlàyé. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó fọwọ́ pa á.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó bá wúwo kì í tètè fò lọ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ bá Àfáà Múfútáù kí ẹlòmíì tó lọ sọ fún un. Mo ro gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pa mọ́, mo sì dúró de ìbáwí. Ó bi mí pé:

"Obìnrin náà ńkọ́, ṣé ó ti dìde?"

"Ó dìde lánàá, Àfáà. Ó rìn dé kíṣíìnì."

"Alihamudulilahi," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe àlùwàlá, àkókò ń lọ."

Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. N kò sọ pé ó ní mo ṣe dáadáa. Mo kàn sọ ohun tó wí fún yín.

Màmá Kwan lo ọdún márùn-ún sí i. Igi kọ́ ló fún un, Ọlọ́run ló ń fúnni lẹ́mìí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wò kó tó sùn àti nígbà tó bá jí. Ọkọ rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa kí obìnrin náà tó kú, torí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di irin mú mọ́ rárá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ìgbà náà ń sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo padà sídìí tábìlì àti àga. Wọ́n kun ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, wọ́n wá yọ ọ́ dànù. Ọ̀gá Kwan tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ láàárín ọdún kan.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó wà ní Kánádà, ló gbé pákó náà lọ. Oṣù tó kọjá ló fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Rukayat pé kó fi hàn mí. Ó kọ̀wé pé, "Uncle, àwọn ọmọ mi ń bèèrè èwo ni bàbá mi gbẹ́, èwo ni ẹ̀yin gbẹ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè bi."

Mo ní kí Rukayat fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú. Mo wá ibi tí ọwọ́ mi ti wúwo nínú ìyẹ́ ẹyẹ kejì. Mo wò ó láti apá ọ̀tún, mo wò ó láti apá òsì, mo yọ awò ojú mi, mo tún fi í sójú. Mo wá a títí tíì mi fi tutù. N kò rí i.

Mo ní kó kọ ọ́ padà sí i pé: "Bàbá rẹ ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀."